Kí Ẹ Tó Dá Ìlú Tí Kò Lábùkù Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Òfin Rẹ̀

Ẹni tó bá ń wá ìlú tí kò ní sí òṣì, tí kò ní sí ìrẹ́jẹ, tí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà yóò jọ máa bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan náà, orí rẹ̀ pé. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ní Òkìtìpupa sábà máa ń tijú láti sọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ ó gbé ìwé sórí tábìlì, ẹ ó ní, "Màmá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín." Kí ni mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín níbẹ̀? Ẹ ti rí i pé owó oṣù kì í tó oúnjẹ oṣù. Ẹ ti rí aláìsàn tó kú sẹ́nu géètì ọsibítù nítorí owó káàdì. Ẹ wá ní ẹ fẹ́ dáwó jọ, kí ẹ ra éékà ilẹ̀ mélòó kan, kí ẹ jọ máa dáko, kí ẹ jọ máa tọ́ ọmọ. Ohun tó yẹ kí ènìyàn fẹ́ ni.

Iṣẹ́ tèmi ni láti bá ẹgbẹ́ kọ ìwé òfin: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ojú omi. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni mo máa ń sọ fún àwọn tí ohun tí wọ́n ń wá ju ẹgbẹ́ lọ, àwọn tó fẹ́ dá ìlú sílẹ̀. Mo gbà pé a lè kọ́ àwùjọ tó sàn ju èyí tí a bá ara wa nínú rẹ̀ yìí lọ fíìfíì. Mi ò gbà pé a lè kọ́ èyí tó pé pérépéré, tí kò ní fẹ́ àtúnṣe mọ́ láé. Àwọn tó dá ìlú sílẹ̀ ló fi ẹnu ara wọn búra sí òfin rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú rẹ̀ kò búra fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti ń ya. Nítorí náà, ọmọ tí ẹ kò tíì bí ni kí ẹ máa fojú inú wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kọ òfin yín.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo Ayétòrò

Kí ẹ tó mú bírò, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò, ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ má kàn kà nípa rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ lọ, kí ẹ bá àwọn àgbà ibẹ̀ jókòó.

Ní oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́, kó ara wọn jọ síbẹ̀ nítorí inúnibíni tí wọ́n ń rí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ń du. Ẹrẹ̀ ni, òkun wà níwájú, irà wà lẹ́yìn. Wọ́n ri òpó mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e lórí, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé. Wọ́n mú ohun ìní àdáni kúrò láàárín ara wọn. Ẹja tí apẹja bá kó wálé, ti gbogbo ìlú ni; owó rẹ̀, inú àpò kan ṣoṣo ló ń wọ̀. Inú àpò yẹn ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń jáde fún kálukú. Kò sí ẹni tó ń gba owó iṣẹ́.

Ẹ wo bí owó ẹja ṣe di nǹkan ńlá níbẹ̀. Ní ìlú mìíràn, owó àwọ̀n kan á pín sí ogún ilé, wọ́n á fi sìnkú, wọ́n á fi dá aṣọ ẹbí, wọ́n á fi gbéyàwó, ó tán. Ní Ayétòrò owó náà kò pín, nítorí náà ó tó ra ẹ̀rọ. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ilé búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ńláńlá. Wọ́n gbẹ́ ipadò kí ọkọ̀ lè rọ́nà wọlé. Wọ́n tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ọlọ́ba nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, tó sì ń ta ẹja gbígbẹ, máa ń sọ fún wa pé kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe tó wọn ní gbogbo etídò. Ohùn rẹ̀ á rọ̀ bó bá ti ń sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun náà wá wò wọ́n. Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá láti Kánádà, kọ odidi ìwé kan lórí bí wọ́n ṣe gòkè àti bí wọ́n ṣe wálẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1977.

Kí ló gbé wọn ró? Ìyà tí wọ́n jọ jẹ wà níbẹ̀. Aṣáájú tí gbogbo wọn ń gbọ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ líle tún wà níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé wọ́n gbà pé ikú kò ní wọ àárín àwọn mọ́. Fún àkókò kan wọ́n ya ọkùnrin sí apá kan ìlú, wọ́n ya obìnrin sí apá kejì, wọ́n pa ìgbéyàwó tì, kí wọ́n tó dá a padà nígbà tó yá. Ẹni tó bá ti fara da lílù àti ìlélọ nílùú lè fara da irú òfin yẹn.

Ikú dé, bí ó ṣe ń dé gbogbo ibi. Aṣáájú wọn, tí í ṣe ọba àkọ́kọ́ wọn, wàjà. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi ń parí lọ, wọ́n ti ń gba kálukú láyè láti máa ṣòwò ara rẹ̀, àpò kan ṣoṣo sì di ọ̀pọ̀ àpò. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1948 pé ọmọ ogún ọdún ní 1968. Kò rí inúnibíni. Kò bá wọn ri òpó kankan mọ́ ẹrẹ̀. Iná mànàmáná ló bá nílé. Bó bá béèrè pé kí ló dé tí òun kò lè tọ́jú owó ẹja tí òun fi ọwọ́ òun pa, ìtàn ìyà tí bàbá rẹ̀ jẹ kò lè dá a lóhùn mọ́. Mi ò pe ohun tí àwọn ènìyàn yẹn ṣe ní ìjákulẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi jọ gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ lórí ẹrẹ̀, láìsí owó oṣù. Ẹ fi ọ̀wọ̀ wọ ibẹ̀.

Ojú ìwé àkọ́kọ́

Nígbà tí ẹ bá dé láti Ayétòrò, ẹ jókòó yíká. Kí kálukú kọ ohun tó ń sá fún sórí pépà, ní gbólóhùn méjì péré: gbèsè, onílé, ọ̀gá iṣẹ́, ẹbí ọkọ, ohunkóhun. Ẹ kà á sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ mú gbogbo òfin tí ẹ ti ní lọ́kàn, kí ẹ sì bi ara yín nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹni tí ohun tí a kọ sórí pépà yìí kò ṣẹlẹ̀ sí, ṣé ó lè rí ìdí kan láti pa òfin yìí mọ́?" Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá, ẹ fi ìlà sí i lábẹ́. Ẹ kò ní pa á rẹ́. Ẹ ó kàn kọ ọ́ sí ìsọ̀rí tó ní ọjọ́ ìparí: òfin ọdún mẹ́wàá, tí yóò kú fúnra rẹ̀ bí ìpàdé gbogbogbòò kò bá sọ ọ́ dọ̀tun. Mo ti rí i kí èyí nìkan sọ ẹgbẹ́ tó ti fẹ́ tú ká di ẹgbẹ́ tí ara tù, nítorí pé àwọn tó ń bínú mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yóò tún padà sórí tábìlì.

Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti yọ gbogbo gbólóhùn tó bá sọ pé ìlú yín kò ní lábùkù. Ìlú tó bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò lábùkù, ẹni àkọ́kọ́ tó bá ráhùn níbẹ̀ ni wọ́n máa pè ní àbùkù rẹ̀.

Ta ni yóò gbẹ́ ṣáláńgá?

Ní 1516, Thomas More, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé nípa erékùṣù kan tó fọkàn yàwòrán rẹ̀, tó ń jẹ́ Utopia. Wákàtí mẹ́fà péré ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Wúrà ni wọ́n fi ń ṣe póò ìtọ̀ kí ojú má baà wọ̀ ọ́. Ohun tó dára pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: ẹrú ló ń pa ẹran, ẹrú ló ń ṣe iṣẹ́ ìdọ̀tí ní gbọ̀ngàn oúnjẹ, àwọn obìnrin nìkan ló sì ń gbé ìkòkò ka iná, láti ilé dé ilé, bó ṣe kàn wọ́n. Ọkùnrin tó lè ro ìlú tí kò ní owó kò rí i rò pé ọkùnrin náà lè se ọbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun nípa ìdọ́gba, ẹ kọ ìwé iṣẹ́. Ẹ pín in sí iṣẹ́ tí ènìyàn ń dù àti iṣẹ́ tí ènìyàn ń sá fún. Gbígbẹ́ ṣáláńgá, fífọ ìkòkò ńlá lẹ́yìn àsè, pípọn omi nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ìṣọ́ òru, títọ́jú arúgbó tó ń tọ̀ sára, rírọ epo sí jẹnẹrétọ̀: ẹ kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má kàn kọ "iṣẹ́ ilé". Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ sí i, bẹ̀rẹ̀ láti orí alága. Bí alága bá ní ìpàdé lọ́jọ́ tó kan òun, kí ó fi ọjọ́ mìíràn san án. Kò gbọ́dọ̀ fi owó san án. Ìgbà tí ẹnìkan bá ti lè fi owó ra ara rẹ̀ kúrò nídìí ṣáláńgá, ẹ ti ní mẹ̀kúnnù àti ọlọ́lá láàárín yín, ohunkóhun yòówù kí ìwé wí.

Mo máa ń tẹnu mọ́ ti arúgbó gidi. Gbogbo ìwé òfin tí àwọn ọ̀dọ́ ń mú wá ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni gbogbo ará ìlú yóò jẹ́ títí ayé.

Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀?

Ní 1825, Robert Owen, olówó ilé iṣẹ́ òwú láti Bìrìtìkó, fi owó ara rẹ̀ ra odidi ìlú kan ní Indiana, ní Amẹ́ríkà, ó sì sọ ọ́ ní New Harmony. Àwọn ọ̀mọ̀wé rọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ń yí òfin ìpilẹ̀ wọn padà léraléra, Owen fúnra rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé. Nígbà tó fi máa di 1827, ó ti tú ká. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ni ilẹ̀. Ìjíròrò ìdọ́gba kì í pẹ́ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, kí awọnlẹ̀ wá wọn ilẹ̀, kí lọ́yà yẹ ìwé wò nílé iṣẹ́ ìjọba, kí ẹ sì rí i dájú pé gbogbo ẹbí tó ni ilẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Olórí ẹbí nìkan kò tó. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ilẹ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́, lábẹ́ àwọn alágbàtọ́ tí ẹ yàn. Àwọn alágbàtọ́ yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilé kan náà, ẹ sì kọ ọ́ pé wọn kò lè ta ìdá kankan nínú ilẹ̀ náà láìjẹ́ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ olórí ló kàn. Ní 1970, Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi, tí wọ́n bí ní Detroit, dá Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina kí àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà lè máa gbé bí Yorùbá, pẹ̀lú òrìṣà, ààfin àti àwọn olóyè. Ọọ̀ni Ṣíjúwadé dé e ládé ní 1981. Iṣẹ́ takuntakun ni. Nígbà tó wàjà ní 2005, ọmọ rẹ̀ ló gorí oyè. Ìlú ọba ni, ètò ọba ni wọ́n sì tẹ̀ lé. Ó bá ohun tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ mu. Tiyín ń kọ́? Bí ẹ bá ti kọ ọ́ pé kò sí ọba láàárín yín, ẹ kọ ọjọ́ tí alága yóò kúrò, ẹ kọ ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bó bá kú lóru, ẹ sì kọ ọ́ pé ẹni tó dá ìlú sílẹ̀ kò lè lò ju sáà méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí olùdásílẹ̀ fúnra rẹ̀ ka gbólóhùn yẹn sókè níwájú gbogbo yín lọ́jọ́ ìfọwọ́síwèé.

Ní ti ìwé owó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni méjì ní báńkì, akápò kì í ṣe akọ̀wé, kí ẹ sì máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sókè lóṣooṣù, ní èdè tí ìyá tí kò kàwé lè gbọ́.

Ọmọ

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò yín sí jù nìyí. Àwọn Hutterite, ìjọ Kristẹni kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun ìní pọ̀ ní Moravia ní 1528, ṣì ń gbé bẹ́ẹ̀ títí dòní ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àwọn ìgbà kan wà tí wọ́n dá a dúró, wọ́n tún padà sí i. Kí ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó báyìí, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn kì í pé ogún ọdún? Ìdí pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọ̀kan hàn yín: wọn kì í ṣèrìbọmi fún ọmọdé. Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ títí tó fi dàgbà, tó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń jáde lọ ṣiṣẹ́ níta kí wọ́n tó dé orí ìpinnu yẹn. Àwọn kan kì í padà. Àwọn tó bá padà, àwọn náà ti yàn án, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wọn ṣe yàn án.

Ẹ wo kíbútsì àwọn Júù ní ìdàkejì, àwọn abúlé tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń da owó pọ̀. Degania, àkọ́kọ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ ní 1910. Nínú ọ̀pọ̀ kíbútsì tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ́ ilé ọmọdé. Àwọn ọmọ kì í sùn lọ́dọ̀ òbí, wọ́n jọ ń sùn síbẹ̀ ni. Àwọn tó gbé ètò yẹn kalẹ̀ ní èrò rere: wọ́n fẹ́ tú obìnrin sílẹ̀ lóko ẹrú ìdáná, kí ọmọ sì mọ̀ pé ti gbogbo ìlú ni òun. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn dàgbà, àwọn náà bímọ, wọ́n sì ní kí ọmọ tàwọn máa sùn nílé. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi ń parí, ètò ilé ọmọdé ti tán pátápátá. Ní 2007, Degania fúnra rẹ̀ dìbò pé kí owó oṣù kálukú máa yàtọ̀ síra.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn àgbà ti rí i kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe máa ń bá wọn kọ ìsọ̀rí ọmọ. Ọmọ tí a bá bí sílùú kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ títí yóò fi pé ọdún 21. Kí ó tó pé ọdún yẹn, yóò lo ọdún méjì gbáko níta, nílé ìwé tàbí lẹ́nu iṣẹ́, ẹgbẹ́ ni yóò sì gbé bùkátà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń jà sí èyí. Wọ́n ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ ká náwó lé àwọn ọmọ wa kúrò nílé ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò rí ibòmíràn rí kò lè yan ibẹ̀. Ó kàn bá ara rẹ̀ níbẹ̀ ni.

Gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìbí lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n sì ṣe WAEC. Ilé ìwé tí ẹ bá dá sílẹ̀ lè kọ́ wọn ní ohun tó wù yín, kò burú, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí ayé tó kù mọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Láti ọmọ ọdún 15, kí wọ́n ní àga méjì nínú ìgbìmọ̀. Ohùn wọn lè má wọnú ìbò, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, lẹ́nu wọn gan-an, láìtún un sọ.

Tí ọmọ náà bá wá pé ọdún 21, tó ní òun kò ṣe ńkọ́? Kí ó máa wá jẹun lọ́dún, kí ó máa kí bàbá àti ìyá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i. Kí wọ́n sì fún un ní owó ìdìde, ìyẹn owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ níta. Èyí gbé wa dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹnu ọ̀nà

Bí ènìyàn ṣe lè jáde ni mo fi ń mọ irú ìlú tó jẹ́. Ní Guyana, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1978, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan dín ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú ní Jonestown, ìlú tí Jim Jones, olórí ìjọ kan, kó wọn lọ láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìlérí pé kò ní sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọ̀pọ̀ jẹ́ ọmọdé. Ìbọn ló ń ṣọ́ ọ̀nà àbájáde. Ìrora tí wọ́n ń sá fún ní Amẹ́ríkà kì í ṣe irọ́. Ìlẹ̀kùn ni wọn kò ní.

Èyí kò jọ ti Tanzania rárá, n kò sì ní kà wọ́n pọ̀. Julius Nyerere, ààrẹ àkọ́kọ́ ibẹ̀, jẹ́ ènìyàn rere, Ìkéde Arusha ti 1967, tó fi gbé ètò àjọṣe rẹ̀ kalẹ̀, sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn. Ìfẹ́ inú ni ètò náà, tí wọ́n ń pè ní ujamaa, fi bẹ̀rẹ̀: kí àwọn àgbẹ̀ jọ gbé, kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kí ilé ìwé àti omi lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti 1973 ni ìjọba wá sọ ọ́ di dandan. Wọ́n ṣí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn nípò, wọ́n sì wó ilé àwọn mìíràn kí wọ́n má baà padà. Oko tí ènìyàn mọ ilẹ̀ rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ di ìgbòrò, ọ̀dá náà tún dé, oúnjẹ wọ́n. Ilé ìwé tí wọ́n kọ́ ṣì wúlò títí dòní. Èyí tí wọ́n fi tipátipá ṣe ni kò dúró.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀nà àbájáde kí ẹ tó kọ ọ̀nà àtiwọlé. Ká ní Àìná mú mílíọ̀nù méjì náírà wá lọ́jọ́ tó wọlé. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó ní òun ń lọ. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lè ní láti ta ilẹ̀. Bí ẹ kò bá san án, ẹ ti mú un dè. Ẹ kọ ọ́ pé a óò san án ní ìgbà mẹ́jọ, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ₦250,000 nígbà kọ̀ọ̀kan, tí ọdún méjì yóò fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n náírà ọdún márùn-ún sẹ́yìn kọ́ ni náírà òní. Lọ́jọ́ tí Àìná wọlé, ẹ kọ iye àpò gàrí tí owó rẹ̀ lè rà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fi iye àpò yẹn ṣírò ohun tí ẹ óò san lọ́jọ́ tó ń lọ. Ní ti ọmọ tí a bí síbẹ̀, tí kò mú owó kankan wá, kí owó ìdìde rẹ̀ tó owó ilé ọdún kan nílùú tó wà nítòsí, àti ohun èlò iṣẹ́ tó kọ́.

Ibí ni èmi àti àwọn Hutterite ti pínyà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá jáde kò ní ìpín kankan. Àwọn kan tí wọ́n lé jáde ní Manitoba gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà, ilé ẹjọ́ náà sì dá wọn lẹ́bi ní 1970. Ó lè jẹ́ òfin. Kò dára lójú tèmi kí ẹni tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ jáde lọ́wọ́ òfo, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ jí lọ́dọ̀ wọn ṣá. Bí àgọ́ wọn bá ti fẹ́ tó àádọ́jọ ènìyàn, wọ́n á ra ilẹ̀ mìíràn, wọ́n á kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n á pín orúkọ àwọn ẹbí sí ọ̀nà méjì. Gbogbo ènìyàn á di ẹrù, àtẹni tó máa lọ àtẹni tó máa dúró, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ èyí tó kan òun. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Ẹgbẹ́ tí kèké bá mú á kó lọ síbùdó tuntun, èyí tó kù á tú ẹrù wọn. Ẹ ro ohun tó wà nínú èyí: nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí òun yóò bọ́ sí, gbogbo wọn ló ń kọ́ ibùdó tuntun dáadáa. Ẹ kọ iye tiyín sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ìjà tó sọ ọ́ di ìpinyà.

Ohun tó wà níta

Mo padà sí Ayétòrò nítorí pé ẹ gbọ́dọ̀ rí èyí. Òkun ń jẹ ìlú náà. Ó ti tó ogún ọdún ó lé tó ti ń kó ilé lọ, lọ́ọ̀wọ́lọ́ọ̀wọ́, ibi tí àwọn ènìyàn ti gbé rí ti di omi. Ìjọba ti gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun jáde rí, àwọn ará ìlú sì ti ké títí tí ohùn wọn fi há, láìrí odi tó lè dá omi dúró. Kò sí ìwé òfin tó lè dá òkun lẹ́kun. Ìlú tó bá dá gbé gẹ́gẹ́ bí erékùṣù kò ní ẹni tí yóò bá a pariwo lọ́jọ́ tí omi bá dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ kò ní ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìjọba, ẹ tún un rò. Ẹ san owó orí yín, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, ẹ lọ sí ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn abúlé tó yí yín ká máa lo omi yín. Kí ẹ tó ra ilẹ̀ pàápàá, ẹ lọ wò ó nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ibi tí omi máa ń dé.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ kọ ojú ìwé tó kẹ́yìn: ní ọdún méje-méje, a óò ṣí gbogbo òfin yìí sílẹ̀, àwọn tí kò tíì pé ọdún 30 ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn olùdásílẹ̀ ni yóò sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan lọ́dọ̀ lọ́yà, ọ̀kan lọ́dọ̀ akọ̀wé, ọ̀kan nílé ìwé níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ lè tó o. Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ máa bọ̀ ní Òkìtìpupa, n kì í gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀rí ọmọ àti ìsọ̀rí ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú wá. Àwọn tó kù lè dúró di ìgbà kejì.